Pèrègún Nínú Ilé Dígí

Bí ẹ bá wà lára àwọn tí iṣẹ́ tàbí ìgbéyàwó gbé lọ sí ìlú òtútù, ó ṣeé ṣe kí igi kékeré kan wà nínú ìkòkò ní pálọ̀ yín báyìí, lẹ́bàá tẹlifíṣọ̀n tàbí lẹ́yìn àga. Ẹ rà á nítorí pé ewé rẹ̀ mú yín rántí ilé. Orúkọ òyìnbó ni ẹni tí ó tà á fi pè é, ṣùgbọ́n bí ẹ ti fojú kàn án ni ẹ ti mọ̀ pé pèrègún ni. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí a bá gé ọ̀pá pèrègún tí a sì gún un mọ́ ilẹ̀ ní ààlà oko, kò ní pẹ́ lẹ́yìn òjò tí yóò fi rúwé. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wà ní pálọ̀ yín ti lo ọdún kan gbáko láìyọ ju ewé mélòó kan lọ, ṣóńṣó ewé rẹ̀ sì ń gbẹ bí ẹni pé iná jó o. Kí ni ó ń ṣe é? Kí ni ẹ lè ṣe kí ó lè tètè dàgbà?

Ibì kan wà ní ìlú London tí wọ́n ti ń dáhùn irú ìbéèrè yìí láti ìgbà pípẹ́. Ọgbà Kew ni orúkọ rẹ̀. Ó wà ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, létí odò Thames. Ọdún 1759 ni wọ́n ka ìbẹ̀rẹ̀ ọgbà náà sí, láyé Augusta, ìyá Ọba George Kẹta, tí ó ń kó igi àti ewéko jọ yí ilé rẹ̀ ká. Ní ọdún 2003, àjọ UNESCO fi Kew kún àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dá sí. Ẹ jẹ́ kí a jọ lọ wò ó, nítorí pé ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún ẹni tí ń tọ́ igi nínú ilé pọ̀ púpọ̀.

Ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣòro. Ọkọ̀ ojú irin tí ń gba ìlà District kọjá yóò sọ̀ yín kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Kew Gardens, ẹ óò sì fi ẹsẹ̀ rìn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ọgbà. Owó ìwọlé wà, kò sì kéré. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ọjọ́ tí ẹ lè fi gbogbo ọjọ́ gbádùn rẹ̀. Ẹ di ìrẹsì àti ẹran sínú abọ́ olómorí, ẹ mú ẹní kan tí ẹ óò tẹ́ sórí pápá, ẹ sì mú aṣọ ìpààrọ̀ fún ọmọ. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ́kọ́ béèrè àwọn ilé tí ó ṣí, nítorí pé ilé dígí àtijọ́ kì í pẹ́ kí ó tó tún béèrè àtúnṣe.

Èyí tí ó lókìkí jù nínú àwọn ilé wọ̀nyí ni èyí tí wọ́n kọ́ fún àwọn igi ọ̀pẹ. Láti ọdún 1844 sí 1848 ni wọ́n fi kọ́ ọ. Decimus Burton ni ó ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú Richard Turner, oníṣẹ́ irin láti ìlú Dublin. Gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 363, fífẹ̀ rẹ̀ ní àárín tó 100, gíga rẹ̀ sì tó 66. Dígí tí ó bò ó tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún, èyí ni 16,000. Bí ẹ bá rí i láti òkèèrè, ẹ óò rò pé ọkọ̀ ojú omi kan ni wọ́n da ojú rẹ̀ dé sórí pápá. Kì í ṣe nítorí ẹwà nìkan ni wọ́n ṣe kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé láti òkè, láti ọ̀tún, àti láti òsì.

Bí ẹ bá ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ báyìí, nǹkan àkọ́kọ́ tí ẹ óò ṣe ni pé ẹ óò bọ́ kóòtù. Ooru ilé yóò gbá yín lójú. Ẹni tí ó bá wọ awò ojú kò ní ríran fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé èéfín omi yóò bo dígí rẹ̀. Ilẹ̀ tútù, ewé ń kán omi, òórùn ibẹ̀ sì dà bí òórùn igbó lẹ́yìn òjò. Ẹ óò rí kòkó, ẹ óò rí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ óò sì rí ọ̀pẹ tí ó ń fún wa ní epo pupa. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí Peckham tàbí Tottenham ni ó ti ń jẹ epo pupa láti ìgbà tí eyín rẹ̀ ti hù, ṣùgbọ́n tí kò fojú kan ọ̀pẹ rí. Ẹ gbé e sókè kí ó wò ó dáadáa. Ẹ sọ fún un pé igi yìí ni ó bí epo inú ọbẹ̀, ìgbálẹ̀ tí ìyá àgbà fi ń gbálẹ̀, àti ẹmu tí bàbá àgbà ń mu. Ẹ̀kọ́ tí a fojú rí kì í tètè kúrò lọ́kàn ọmọdé.

Ẹ wá jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: kí ni ó ń mú igi ilẹ̀ wa dàgbà nínú ilé yìí, nígbà tí yìnyín ń bọ́ níta? Nǹkan mẹ́rin ni: ìmọ́lẹ̀, ooru, omi inú afẹ́fẹ́, àti ilẹ̀ tí gbòǹgbò lè mí nínú rẹ̀. Kò sí oògùn kankan lẹ́yìn èyí.

Ìmọ́lẹ̀ ni ó ṣáájú. Ní Ìbàdàn, ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀ kúrò ní wákàtí 12 láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ títí di oṣù Ọ̀pẹ. Ní London, ọ̀sán oṣù Òkúdù lé ní wákàtí 16, ṣùgbọ́n ti oṣù Ọ̀pẹ kò pé 8, oòrùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ lójú ọ̀run. Oúnjẹ igi ni ìmọ́lẹ̀, nítorí pé òun ni ewé fi ń se omi àti afẹ́fẹ́ di oúnjẹ. Ojú wa sì máa ń tàn wá jẹ nípa ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá kúrò lẹ́bàá fèrèsé tí a rìn ìṣísẹ̀ mélòó kan wọ inú pálọ̀, ojú wa yóò tètè mọ́ ọn lára, a óò sì rò pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kò yàtọ̀. Ewé mọ̀ pé ó yàtọ̀ púpọ̀. Igi tí ẹ gbé sí ìdí tẹlifíṣọ̀n dà bí ọmọ tí wọ́n ń fún ní ẹ̀kọ ṣíbí kan lóòjọ́: kò ní kú, ṣùgbọ́n kò ní lè sáré.

Lóòótọ́, pèrègún lè fara da òjìji, nítorí pé abẹ́ igi ńláńlá ni ó ń hù nínú igbó ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ìfaradà kì í ṣe ìgbádùn. Ẹ gbé e sí tòsí fèrèsé tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn, tàbí kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó kọjú sí gúúsù, pẹ̀lú aṣọ fèrèsé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárín wọn, kí oòrùn má baà jó ewé rẹ̀. Ní ìgbà òtútù, ẹ sún un mọ́ fèrèsé sí i, ṣùgbọ́n kí ewé má kan dígí tútù. Ẹ máa yí ìkòkò náà díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó má baà tẹ̀ sí apá kan. Ẹ fi aṣọ rírẹ̀ tí ẹ ti fi omi rin nu eruku ojú ewé rẹ̀, nítorí pé eruku ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́. Bí ilé yín bá ṣókùnkùn, iná mànàmáná tí wọ́n ṣe fún igi wà lọ́jà. Bí ẹ bá tàn án fún nǹkan bíi wákàtí 12 lóòjọ́, yóò ràn án lọ́wọ́.

Ooru ni ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ilé ọ̀pẹ ní Kew, èédú ni wọ́n ń dá sí abẹ́ rẹ̀ láti fi gbé omi kaná. Wọn kò fẹ́ kí èéfín ba ojú ọgbà jẹ́, nítorí náà wọ́n gbẹ́ ihò abẹ́ ilẹ̀ kan lọ sí ilé ìṣọ́ gíga tí ó jìnnà díẹ̀, kí èéfín lè máa gba ibẹ̀ jáde. Ẹ wo bí wọ́n ti náwó tó kí ọ̀pẹ lè gbóná! Ẹ̀yin kò nílò irú ìnáwó bẹ́ẹ̀. Ilé tí ó tu ọmọ yín lára, tí ooru rẹ̀ wà láàárín 18 àti 24 ní ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, yóò tu pèrègún lára. Ohun tí kò fẹ́ ni atẹ́gùn tútù tí ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, àti ooru híítà ara ògiri tí ń fẹ́ lu ewé rẹ̀ ní tààrà. Ooru híítà yìí a máa gbẹ omi inú afẹ́fẹ́, ó sì wà lára ohun tí ń mú ṣóńṣó ewé gbẹ.

Ọ̀rọ̀ omi gba ìkíyèsí, nítorí pé àṣejù omi ni ó ń pa igi inú ilé jù. Ẹni tí ó bá rí i pé igi òun kò dàgbà a máa sáré bu omi sí i. Bí kò bá tún dàgbà, a tún bu òmíràn. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Gbòǹgbò ń mí gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń mí. Bí omi bá dí gbogbo àlàfo inú ilẹ̀, gbòǹgbò a rà, ewé a sì rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ibi tí àṣìṣe ti ń wáyé nìyẹn. Ẹ ti ìka bọ inú ilẹ̀ ìkòkò náà, tó íǹṣì méjì. Bí ó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá ti gbẹ, ẹ bu omi sí i títí yóò fi jáde nísàlẹ̀, kí ẹ sì da èyí tí ó kù nínú àwo ìdí rẹ̀ nù. Ìkòkò tí kò ní ihò nídìí kò yẹ fún igi. Ní ìgbà òtútù, omi tí yóò gbà kò ní tó ìdajì ti ìgbà ooru. Mo tún fi èyí kún un: pèrègún kò fẹ́ fluoride. Ní ìlú tí wọ́n ń fi í sínú omi ẹ̀rọ, irú bíi Birmingham tí ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1964, omi òjò tí a gbè ni ó dára jù fún un.

Ní ti ilẹ̀, ìtàn ilé ọ̀pẹ yìí fúnra rẹ̀ kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí i, inú ìkòkò àti àgbá onípákó ni gbogbo igi wà. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ àárín ilé náà, wọ́n sì gbin àwọn tí ó ga jù síbẹ̀ ní tààrà, kí wọ́n lè na gbòǹgbò. Igi inú ilé yín náà ń fẹ́ àyè, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Bí gbòǹgbò bá ti ń yọjú nídìí ìkòkò, ẹ dúró di ìgbà ìrúwé, kí ẹ wá pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí ó fi íǹṣì méjì péré fẹ̀ jù ú lọ. Ìkòkò tí ó tóbi jù a máa pa omi mọ́ ju bí gbòǹgbò ti lè mu lọ. Ẹ lè fún un ní ajílẹ̀ olómi lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti oṣù Igbe dé oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ là á ju bí wọ́n ti kọ ọ́ sára ìgò lọ. Ní ìgbà òtútù, ẹ má fún un rárá. Igi tí ń sinmi kò nílò kí a máa tì í ní oúnjẹ sẹ́nu.

Ṣáájú kí ẹ tó jáde, ẹ béèrè igi kan tí àwọn àgbà ibẹ̀ fẹ́ràn. Encephalartos altensteinii ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó jọ ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀pẹ. Francis Masson, ẹni àkọ́kọ́ tí Kew rán lọ sí òkè òkun láti wá igi, ni ó kó o wá láti ilẹ̀ tí à ń pè ní Gúúsù Áfíríkà lónìí, ọdún 1775 ni ó sì dé Kew. Inú ìkòkò ni ó wà títí di òní. Wọ́n gbà pé òun ni ó pẹ́ jù láyé nínú igi inú ìkòkò. Ní ọdún 1819, ó so èso rẹ̀ kan, Sir Joseph Banks tìkára rẹ̀ sì wá wò ó. Igi tí ó ti lo ọ̀rìnlérúgba ọdún dín ọgbọ̀n nínú ìkòkò, ẹ ó rò pé orí rẹ̀ yóò ti gún òrùlé. Rárá o. Gígùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 14 lọ, nítorí pé nǹkan bí íǹṣì kan péré ni ó ń fi kún ara rẹ̀ lọ́dún. Ó fẹ̀yìn ti ọ̀pá irin bí àgbàlagbà tí ó fọwọ́ lé ọ̀pá, ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá.

Ìbéèrè wa àkọ́kọ́ ni bí igi yóò ṣe tètè dàgbà. Àgbà igi yìí fún wa ní èsì tirẹ̀: igi kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìwọ̀n ìrìn tirẹ̀. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ń tọ́ ọ ni kí ó mú ìdènà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀yin abiyamọ mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọmọ aládùúgbò rìn ní oṣù mẹ́wàá, tiyín sì rìn ní oṣù mẹ́rìnlá. Àwọn méjèèjì ni yóò jọ sáré ní pápá ilé ìwé. Ní pálọ̀ òyìnbó, pèrègún tí a tọ́jú dáadáa lè fi íǹṣì mélòó kan ga sí i lọ́dún, ìyẹn sì tó. Bí ó bá ga láìní ẹ̀ka, ẹ ṣe bí wọ́n ti ń ṣe nílé: ẹ gé orí rẹ̀ ní ìgbà ìrúwé. Yóò rúwé nísàlẹ̀ ibi tí ẹ gé, orí tí ẹ gé náà yóò sì ta gbòǹgbò bí ẹ bá gbìn ín. Igi kan ti di méjì nìyẹn láìnáwó.

Ohun tí ó kàn yìí ṣe pàtàkì ju ẹwà pálọ̀ lọ. Kì í ṣe gbogbo igi inú ìkòkò ni ó yẹ kí ó wà níbi tí ọmọ tí ń rákò lè dé. Èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Dieffenbachia, tí ewé rẹ̀ fẹ̀ tí ó sì ní àmì funfun, ní ohun kan nínú tí ó mú bí abẹ́rẹ́. Bí ọmọ bá jẹ ẹ́ lẹ́nu, ahọ́n àti ẹnu rẹ̀ lè wú. Pèrègún àti ọ̀já ìkookò, igi eléwé gígùn tí orúkọ rẹ̀ fi í wé ọ̀já tí a fi ń pọnmọ, kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè mú ọmọ bì. Ẹ gbé wọn sókè. Bí ọmọ bá ti jẹ ẹ́, ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ fún un ní omi mu díẹ̀díẹ̀, ẹ má sì fipá mú un bì. Ẹ tẹ 111 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìmọ̀ràn. Bí mímí bá ń nira fún un, ẹ tẹ 999 lójú ẹsẹ̀. Ẹ mú ewé kan dání kí dókítà lè rí i.

Bákan náà, ẹ má ṣe sọ yàrá yín di ilé ọ̀pẹ Kew. Ilé tí wọ́n kọ́ fún igi ni ìyẹn, ẹnikẹ́ni kì í sùn níbẹ̀. Nínú ilé wa, ìkòkò ọbẹ̀ tí ń hó, aṣọ ọmọ tí a sá sórí híítà, àti èémí gbogbo ìdílé ti ń fi omi kún afẹ́fẹ́ tó. Bí ẹ bá rí ìfun dúdú lára ògiri, pàápàá nítòsí ibùsùn ọmọ, ẹ dẹ́kun fífọ́n omi sí ewé, ẹ ṣí fèrèsé fún ìgbà díẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ sì kọ̀wé sí onílé pé kí ó wá tún un ṣe. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà. Ìfun yìí lè mú àyà ọmọ le, ó sì lè ṣe é ní ìpalára ńlá. Ẹ má sì gba ẹni tí ó bá ní igi inú ìkòkò yóò fọ afẹ́fẹ́ ilé mọ́ fún yín gbọ́. Igi méjì mẹ́ta kò lè ṣe iṣẹ́ fèrèsé kan. Ṣóńṣó ewé tí ó gbẹ ṣeé gé kúrò. Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ kò ní ìpààrọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, bí ẹ bá ka ìwé yìí tán, ẹ dìde kí ẹ lọ wo igi yín. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo ibi tí fèrèsé wà. Bóyá ohun tí ó ń béèrè kò ju pé kí ẹ gbé e sún ìṣísẹ̀ mẹ́ta síwájú, kí ẹ sì fi agolo omi sílẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ilé yín tù yín lára, kí ọmọ yín dàgbà, kí pèrègún yín sì rúwé tuntun. Ó di oṣù tí ń bọ̀.